Yàrá Ọmọ Tó Sọnù ní Ẹnu Ọ̀nà Kejì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò bímọ rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá wọn á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Kì í ṣe agbẹ̀bí o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì ní ọgbà ìpàtẹ ọjà ìlú wa, kó gba ọmọ tó bá sọnù lọ́wọ́ ẹni tó bá rí i, kó sì máa ké sínú gbohùngbohùn títí ẹni tó ni ọmọ yóò fi dé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é. Àǹtí Gbohùngbohùn ni gbogbo ọgbà ń pè é. Èmi kò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin bíi tèmi ni, a jọ ń dirun ni, ṣùgbọ́n ọkọ ló jẹ́ sí mi, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọkọ ní gbohùngbohùn, bó ti wù kí ohùn ọkọ le tó. Àǹtí ni mò ń pè é títí ó fi kú.

Ohùn yẹn ló wáṣẹ́ fún un. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà náà. Wọ́n tò wá sínú oòrùn láti àárọ̀, wọ́n fi àsíá bébà lé wa lọ́wọ́ pé ká máa fì í bí àwọn àlejò bá ń kọjá. Ilé ìpàtẹ méje ló wà níbẹ̀, òrùlé wọn rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn ará òkèèrè kó katakata wá, wọ́n kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá, wọ́n gbé fìríìjì kan wá tó ń da yìnyín sínú ife fúnra rẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì tò sídìí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìbùkún. Láàárín gbùngbùn ọgbà, kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà tó ń gbé èèyàn lọ sókè, tó tún ń yí wọn bọ̀ wálẹ̀. Ìyá mi ní òun ò gùn ún, pé ọjọ́ tí Ọlọ́run bá fẹ́ òun lókè, yóò ránṣẹ́ sí òun.

Nígbà náà, Àǹtí ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà kejì. Kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ mọ́kànlá ti sọnù, àwọn ìyá wọn sì ń sáré kiri, gèlè lọ́wọ́. Àǹtí gun orí àga, ó fi ẹnu lásán ké ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ̀. Ọ̀gá ọgbà wà nínú ilé kẹrin lọ́hùn-ún, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti fún Àǹtí ní yàrá àti gbohùngbohùn.

Mo mọ yàrá náà bí mo ti mọ ilé ìdáná mi. Wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewé dé àyà, wọ́n kun ìyókù ní funfun. Bẹ́ńṣì mẹ́ta tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kúrú wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi kan tó ń jò, ẹní mẹ́rin, àti agolo bisikíìtì tí Àǹtí ń fi owó ara rẹ̀ rà. Kọ́tìnnì kan ló pín yàrá náà sí méjì. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá wá gba ọmọ á dúró níwájú.

Orí kọ́tìnnì yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Àǹtí kì í ké gbogbo ohun tó bá rí lára ọmọ. Bí ọmọ bá wọ aṣọ pupa, tó dé fìlà funfun, tó wọ sálúbàtà dúdú, tí wọ́n sì di báńdéèjì mọ́ orúnkún rẹ̀, yóò ké aṣọ, yóò ké fìlà, yóò ké sálúbàtà. Ti báńdéèjì, inú rẹ̀ ló máa wà. Ẹni tó bá wá, kó sọ èyí tí òun ò sọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, kọ́tìnnì ò ní í ṣí. Kì í sì í mú ọmọ jáde pé kó wá tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ọmọ tó ti sunkún fún wákàtí méjì, ẹ fi ewúrẹ́ hàn án, á ní bàbá òun ni.

Inú àwọn kan kì í dùn sí òfin yìí, títí di ọdún tí ọkùnrin kan wá, tó de táì, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí olùkọ́ Bíbélì, tó ní òun wá gba ọmọ òun obìnrin. Ó sọ aṣọ, ó sọ bàtà, gbogbo ohun tí gbohùngbohùn ti sọ pátá ló sọ. Àǹtí wá bi í pé kí ló wà lọ́rùn ọmọ. Ó ní ẹ̀gbà ọrùn ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n fi okùn so ló wà níbẹ̀. Kí Àǹtí tó yíjú láti pe ọlọ́pàá, ọkùnrin náà ti wọ àárín èrò lọ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá ọmọ dé, láti ìta ló sì ti ń pariwo pé kọ́kọ́rọ́ òun wà lọ́rùn ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà lọ, òfin Àǹtí di òfin ọgbà. Ta ló tún fẹ́ bá a jiyàn?

Ọgbà náà kò kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, bí eyín àgbà ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba yí padà, ìjọba tuntun kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí ìjọba àná kọ́. Àwọn ará òkèèrè dín kù, nígbà tó yá wọn ò wá mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kìíní; wọ́n gbé ike sábẹ́ ibi tó ń jò, ike kún, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé kejì di ibi tí wọ́n ń kó símẹ́ńtì sí. Ilé kẹta di ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn ilé Ọlọ́run, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ ti ń wàásù nípa ilé tí wọ́n kọ́ sórí àpáta, bẹ́ẹ̀ ni àjà ń já lé ìjọ lórí. Kẹ̀kẹ́ ńlá dúró lọ́jọ́ kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà lókè. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó fi àkàbà sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kò sì yí mọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà sípíkà lórí àwọn òpó nítorí bàbà inú rẹ̀. Nínú sípíkà mẹ́rìndínlógójì tó wà káàkiri ọgbà, mẹ́ta péré ló kù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kejì. Àǹtí kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá lókè títí ọwọ́ fi ń ro ó. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbọ́. Mo ní ó dáa tí àwọn gbọ́, torí àwọn tó wà lẹ́yìn òpó kẹta ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún wọ̀nyẹn náà ni irú ọmọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá yẹn. Ọmọ tó sọnù máa ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń ṣófo. Àwọn wọ̀nyí kì í sunkún, wọ́n sì gbé báàgì dání: aṣọ méjì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, nígbà mìíràn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àǹtí yóò wo inú báàgì, yóò pa á dé. Síbẹ̀, yóò máa ké wọn títí ilẹ̀ fi máa ta sí i, torí ó ní ẹni tó gbé ọmọ jù sílẹ̀ lè ṣì wà lẹ́yìn ògiri, kí ọkàn rẹ̀ yí padà. Mo bá a gbàdúrà lórí mẹ́rin nínú wọn. Ọkàn ẹnikẹ́ni ò yí. Tó bá ti di aago mẹ́fà, mọ́tò ilé ìtọ́jú ọmọ á dé, á kó wọn lọ, nítorí òfin kò gbà kí ọmọ kankan sun inú ọgbà.

Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí nígbà ìpàtẹ tó kẹ́yìn, ọṣẹ àti ike ni wọ́n sì ń tà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ tí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ń dun Àǹtí, mo gbé oúnjẹ wá fún un, mo sì jókòó tì í. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ mú ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, ó máa tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Àǹtí bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní Màmá. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní Dádì. Àǹtí wo ojú mi, ó ní a kúkú ti mọ gbogbo ẹbí náà, ó wá ku àdírẹ́ẹ̀sì.

Aṣọ búlúù ló wọ̀, ó wọ bàtà funfun tó bo gbogbo ẹsẹ̀, ríbọ́ọ̀nù sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí bọ́ bàtà fún un kó lè sùn, ìbọ̀sẹ̀ kan funfun, èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Àǹtí kàn mi orí. Mo mọ̀ pé ó ti rí èyí tó máa fi pamọ́. Ó ké aṣọ, ó ké bàtà, ó ké ríbọ́ọ̀nù. Kó tó ké e lẹ́ẹ̀kẹta, oorun ti gbé ọmọ lọ.

Bàbá kan sáré wọlé, òógùn bò ó, símẹ́ńtì ti gan mọ́ etí ṣòkòtò rẹ̀. Bíríkìlà ni.

“Ẹ káàsán mà. Ọmọ mi lẹ ń pè. Aṣọ búlúù, bàtà funfun.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Màmá là ń pè é. Ìyá mi ló jọ.”

Ara tù mí. Mo ti ń wá bàtà ọmọ nílẹ̀. Àǹtí na ọwọ́ pé kí n ṣe sùúrù, torí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Màmá pọ̀ nílùú.

“Ó dáa, bàbá. Kí ló wà nínú bàtà yẹn?”

“Nínú bàtà kẹ̀? Ẹsẹ̀ ni, mà.”

Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló wà lẹ́sẹ̀ náà?”

“Ìbọ̀sẹ̀. Ó lè jẹ́ funfun.”

“Méjèèjì?”

“Mà, ṣé ìbọ̀sẹ̀ tún ń ní èyí tó yàtọ̀ síra ni? Èmi kọ́ ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Ìyá ẹ̀ ti kú. Ìyá kan tá a jọ ń gbélé ló máa ń múra fún un, èmi kàn ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbé e lẹ́yìn, a sì jáde.”

Àǹtí ní kó lọ pe ìyá náà wá. Ó ní òdìkejì ìlú ni, pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ọmọ rí òun. Àǹtí ní ọmọ ń sùn. Ó ní kí wọ́n jí i. Àǹtí ní òun kì í jí ọmọ. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti gbé ohùn sókè.

“Ṣé mo jọ gbọ́mọgbọ́mọ lójú yín ni?”

“Èyí tó wá níjọ́sí, òun náà ò jọ ọ́.”

Ó di etí tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ gbé e sọ. Ó wo kọ́tìnnì, ó wo Àǹtí, ó wò mí. Èmi náà gbójú sílẹ̀, torí òfin tó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ là, ta ni èmi tí màá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́? Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.”

“Mi ò ní í kúrò níbí títí ẹ ó fi dé.”

Ó sáré jáde. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ tá a gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ariwo yẹn ti jí ọmọ. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń nujú.

“Dádì mi ló ń pariwo. Dádì mi dà?”

Àǹtí já gbohùngbohùn gbà lórí tábìlì. Ó ké bàbá tó wọ ṣòkòtò símẹ́ńtì, ó ní kó padà, ọmọ ti jí, òun ló ni ín. Láti gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn, n kò gbọ́ ọ kó gbọ̀n rí. Mo bọ́ bàtà mi, mo sá tọ ọkùnrin náà. Ní òpó kẹta, ohùn Àǹtí gé lẹ́yìn mi bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Lẹ́yìn ibẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti èrò tó ń lọlé nìkan ló kù. Mo sá dé ojú títì pẹ̀lú sísanra mi yìí. Mo rí ẹ̀yìn èèyàn púpọ̀. N kò rí tirẹ̀.

Aago mẹ́fà lù, mọ́tò dé, dírẹ́bà kan àti ọlọ́pàá obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fún wa ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì pé. Àǹtí ní òun mọ̀ dájú báyìí pé bàbá ọmọ ni. Ọlọ́pàá náà bi í pé kí ló dé tí kò gbé ọmọ fún un nígbà náà. Ọmọ yẹn di ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mú, ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń tú ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ké pe bàbá rẹ̀ títí mọ́tò fi jáde. Kí wọ́n tó dé kọ́nà, ohùn rẹ̀ ti há.

Ọkùnrin náà padà wá. Aago méje ti lọ díẹ̀ nígbà tí òun àti ìyá tí wọ́n jọ ń gbélé dé ẹnu ọ̀nà kìíní, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ já wọn sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ti géètì. Wọ́n ní gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọlé, pé kó wá lọ́la. Bẹ́ẹ̀, Àǹtí ṣì wà lórí àga rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kejì lápá kejì ọgbà, ó ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá fi ṣéènì de gbogbo géètì: ìpàtẹ ti parí, wọ́n ti dá gbogbo òṣìṣẹ́ dúró. Ó lé lóṣù kan kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sọ fún Àǹtí, bí ẹni ń dápàárá, pé bíríkìlà kan fẹ́ẹ̀ fọ́ géètì mọ́ àwọn lórí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní gbogbo oṣù yẹn, Àǹtí ń lọ ilé ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n ní Màmá kì í ṣe orúkọ, nítorí náà wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. “Obìnrin, bí ọmọ ọdún mẹ́ta, kò mọ orúkọ ara rẹ̀” ni wọ́n kọ. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ilé mìíràn ní ìlú mìíràn. Ó lọ síbẹ̀. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n sọ fún un pé tọkọtaya kan ti gbà á tọ́, wọ́n sì ti gbé e kúrò nílẹ̀ yìí, pé ẹni tí kì í ṣe ẹbí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí wọ́n lọ. Akọ̀wé kan tó lójú àánú kọ nọ́ńbà fáìlì náà sórí bébà pélébé fún un.

Bí ọlọ́pàá ti kúrò ní ọgbà, Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú yàrá yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé ibẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ lọ fi orí àti ẹsẹ̀ Bíbélì bẹ̀ ẹ́. Ó gba gbogbo àdúrà wọn pẹ̀lú àmín, ó sì sin wọ́n dé géètì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Koríko ti ga ju èèyàn lọ, òrùlé ilé kẹrin ti já wálẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ sì ti hù gba inú kẹ̀kẹ́ ńlá kọjá. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ọkùnrin náà lè ti kú.

“Tí kò bá wá kú ńkọ́, ìyàwó mi? Mo sọ fún un pé mi ò ní í kúrò. Tó bá dé, ta ló máa bá níbí? Ewúrẹ́?”

Ewúrẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́.

Lọ́dún kọkànlá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo ògiri pé wọ́n máa wó ọgbà náà. Wọ́n fún Àǹtí ní ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ keje, mo lọ bá a di ẹrù, ó jókòó, kò di nǹkan kan. Àwọn lébìrà ti ń bọ̀ láti ilé dé ilé, wọ́n ń yọ fèrèsé àti ẹ̀rọ omi kí katakata tó wọlé. Ọ̀kan nínú wọn dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ti hewú, ó gbé òòlù ńlá sí èjìká. Kò wọlé. Ó ń wo yàrá náà bí ẹni tó ń ka ìwé.

“Ẹ pẹ́,” ni Àǹtí sọ.

Ọkùnrin náà gbé òòlù kalẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní ogójì ọjọ́ lòun fi dúró ní ẹnu ọ̀nà kìíní. Ó ní ọlọ́pàá ní kí òun mú ẹni tó gba ọmọ sọ́dọ̀ wá, òun ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ tán nílùú, òun lọ sí ìlú mìíràn. Òun ò mọ̀ pé èèyàn kankan wà nínú ọgbà yìí.

Àǹtí kò bo ara rẹ̀ láṣìírí. “Ọmọ yín ni. Mo mọ̀ kí ẹ tó dé ojú títì. Mo ké yín, ẹ ò gbọ́.” Ó sọ ti ilé ìtọ́jú ọmọ, ó sọ ti tọkọtaya tó gbé e lọ, ó fa bébà nọ́ńbà fáìlì yọ, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ká a, ó fi sápò láìwò ó. Mo retí pé yóò bú u. Mo tiẹ̀ ti dúró sáàárín wọn.

Ohun kan péré ló béèrè.

“Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ṣé ó sunkún?”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí kì í purọ́ kódà fún agbowó-orí, wò ó lójú tààrà.

“Rárá. Ó ń sùn ni. Kò mọ̀ pé wọ́n gbé òun.”

Ọkùnrin náà yíjú sí mi. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní òfin mẹ́wàá, mo sì mọ èyí tó jẹ́ ìkẹsàn-án, pé ká má jẹ́rìí èké.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní. “Oorun ló ń sùn.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó bá mi gbé ẹrù jáde, ó di Àǹtí lọ́wọ́ mú kọjá lórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá wọn ń pariwo láti òkèèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀. Kó tó padà wọlé, ó bi Àǹtí pé ibo gan-an lọmọ sùn sí. Àǹtí tọ́ka sí igun tó wà lápá òsì, lábẹ́ fèrèsé.

Ó wó apá ọ̀tún, ó wó ẹ̀yìn, ó wó iwájú. Ó yí ká igun yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó ń wó ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọn rìn wá dúró tì í lẹ́yìn, ó wó igun náà.